Bí Òfin Ìdọ́gba Ṣe ń Mú Ọlọ́pàá Jíhìn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Títí di ọdún 2001, òfin tí ó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì de agbanisíṣẹ́, onílé àti oníṣòwò, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ká ọlọ́pàá mọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lójú pópó. Ikú Stephen Lawrence ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun gún un pa ní Eltham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, àwọn ọlọ́pàá sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwádìí náà débi pé ọdún 2012 ni ilé-ẹjọ́ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ìpànìyàn náà. Ìgbìmọ̀ tí Sir William Macpherson darí fi hàn ní ọdún 1999 pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọ inú ètò iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, ó kọjá ìwà ọlọ́pàá kan tàbí méjì. Àtúnṣe òfin tẹ̀ lé e, Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 ni ó sì kó o sínú báyìí.

Ẹni tí ọlọ́pàá bá fìyà jẹ nítorí àwọ̀ rẹ̀ lè pẹjọ́ láàárín oṣù mẹ́fà, olórí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò sì jẹ́jọ́. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí ó lè la inú ẹlòmíràn wò, òfin kò ní kí olùpẹ̀jọ́ fi ìdí èrò ọkàn ọlọ́pàá múlẹ̀. Bí ó bá ti kó ẹ̀rí tí ó tó fún adájọ́ láti fura sílẹ̀, ọrùn iléeṣẹ́ náà ni ẹrù àlàyé bọ́ sí. Bí kò bá lè fi hàn pé ohun mìíràn ni ó fa ìwà náà, ó jẹ̀bi.

Abala 149 Òfin Ìdọ́gba náà ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí kò dúró de ìgbà tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀. Ó pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n tó gbé ìlànà kan kalẹ̀, àti ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lò ó, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò pa ẹ̀yà kan lára ju òmíràn lọ. Ọ̀ràn Edward Bridges, ọkùnrin tí ó pe ọlọ́pàá gúúsù Wales lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n ń lo kámẹ́rà tí ó ń dá ojú èèyàn mọ̀ láàárín èrò, fi agbára abala náà hàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá wọn lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó ti fi hàn pé ẹ̀rọ náà máa ń ṣi adúláwọ̀ tàbí obìnrin mú. Ohun tí ilé-ẹjọ́ bá wọn wí sí ni pé wọn kò wádìí bó ṣe yẹ bóyá ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, abala yìí ní ààlà tí ó ń dunni: bí iléeṣẹ́ bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa, ó lè tẹ̀ síwájú, adájọ́ kò sì lè bá a yan ìlànà mìíràn.

Ọ̀tọ̀ ni ìbáwí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2018, IOPC, àjọ olómìnira tí kì í ṣe ara iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, ni ó ń wádìí àwọn ẹ̀sùn tí ó wúwo jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ mìíràn ni ó ń pinnu bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí kò lè rìn láìsí àkọsílẹ̀. Olaseni Lewis, ọmọ ọdún 23, kú ní ọdún 2010 lẹ́yìn tí ọlọ́pàá 11 tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjà tí àwọn òbí rẹ̀ jà ni ó bí òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, Òfin Seni. Òfin náà ní kí ọlọ́pàá tí ó bá wọ irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ láti ṣèrànwọ́ gbé kámẹ́rà kọ́ra níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ilé-ìwòsàn sì kọ ẹ̀yà aláìsàn tí wọ́n bá fi agbára mú sílẹ̀. Inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni agbẹjọ́rò ti lè rí ohun tí yóò gbé síwájú adájọ́, tí iléeṣẹ́ yóò fi ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀.