Bí Afẹ́fẹ́ Inú Àpáta Ṣe Gbé Abúlé Roquefort-sur-Soulzon Ró

Roquefort-sur-Soulzon jẹ́ abúlé kékeré kan ní ẹkùn Aveyron, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún kan, ibi tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó sí kì í ṣe ibi tí àgbẹ̀ yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yàn: ẹsẹ̀ òkè Combalou ni, ní ìhà àríwá tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, lórí àwókù àpáta. Àwókù yìí gan-an ni ọrọ̀ wọn, nítorí inú ihò rẹ̀ ni wàràkàṣì Roquefort ti ń gbó.

Òkúta ẹfun ni Combalou. Láyé àtijọ́, apá kan rẹ̀ ya lulẹ̀, àwọn àpáta ńláńlá sì wó lé ara wọn, tí ihò àti ojú sísán tóóró fi wà láàárín wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe ojú sísán wọ̀nyí ní fleurines. Omi òjò ń rin wọ inú àpáta náà, afẹ́fẹ́ tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá á tutù, á sì gba ọ̀rinrin, kó tó fẹ́ sínú àwọn ihò ńlá ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ ìgbà ooru tàbí ìgbà òtútù, inú ihò náà kì í kúrò ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ní ilẹ̀ títẹ́jú Larzac tó wà nítòsí, iyẹ̀pẹ̀ kò jìn, omi kì í sì í dúró, ìdí nìyẹn tí àgùntàn fi yẹ ibẹ̀ ju oko lọ. Wàrà àgùntàn Lacaune tí a kò sè ni wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì Roquefort. Èbu Penicillium roqueforti, tí wọ́n máa ń mú láyé àtijọ́ láti ara búrẹ́dì ọkà rye tó ti bu nínú ihò náà, ni wọ́n ń fi sí i. Wọn a sì fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, nítorí pé èbu náà kò lè tàn ká inú rẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́.

Òfin ló wá ṣọgbà yí àpáta náà ká. Ní ọdún 1411, Ọba Charles Kẹfà fún àwọn ará abúlé náà nìkan láṣẹ láti máa mú wàràkàṣì yìí gbó. Òfin ọdún 1925 dáàbò bo orúkọ rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1961, ilé ẹjọ́ ìlú Millau tó wà nítòsí là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe wàràkàṣì lọ́nà kan náà níbòmíràn, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbó nínú ihò Combalou nìkan ló lè jẹ́ Roquefort. Ibi tí àpáta náà wó sí kò sì gùn ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ; bí iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ lọ, àjà lábẹ́ àjà.