Bí Ère Gbígbẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Di Iṣẹ́ Gidi n'Íbàdàn

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ère lórí kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, láti Agbowó dé Challenge, ló máa ń sáré lọ síbi ìwúnjọ ojú àti ihò ara. Ibẹ̀ ló ń wu ojú, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ ti ń wá. Ère tó ṣeé lò ni oníbàárà ń sanwó fún: èyí tí gémù lè gbé, tí ẹni tó ń ṣe fíìmù lè mú kó rìn, tàbí tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ jáde.

Sọ́fítíwià méjì ni orúkọ wọn kì í wọ́n lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni ZBrush, tí ilé iṣẹ́ Pixologic ṣe, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Maxon. Àwọn ilé iṣẹ́ gémù àti fíìmù ńlá ń lò ó gan-an, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san lé e lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Èkejì ni Blender, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní 2002 ni àwọn èèyàn dá 100,000 owó Yúrò jọ kí kóòdù rẹ̀ lè di ti gbogbo ayé. Ohun tí èèyàn bá fi Blender ṣe, tirẹ̀ ni, ó sì lè tà á bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sídìí láti lọ wá ayédèrú ZBrush kiri.

Bọ́ọ̀lù kan ló sábà máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀rẹ̀. Ara bọ́ọ̀lù náà jẹ́ àwọn ojú pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n so mọ́ra, èyí tí wọ́n ń pè ní polygon. Búrọ́ọ̀ṣì inú sọ́fítíwià kì í gé nǹkan kan dànù bíi ti ọ̀bẹ. Ńṣe ló ń ti igun àwọn polygon wọ̀nyí wọlé tàbí kó fà wọ́n jáde. Torí náà, bí polygon bá ṣe pọ̀ tó ni nǹkan tínńtín ṣe lè hàn tó. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí a bá pín wọn lẹ́ẹ̀kan, iye wọn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ère tó ní 10,000, tí a bá pín in lẹ́ẹ̀mẹrin, á di 2,560,000. Ibẹ̀ ni fáànù làpútọ́ọ̀pù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ìdí nìyẹn tí ètò fi ṣe pàtàkì. Àwọn agbẹ́gilére wa mọ ètò yìí tipẹ́: wọ́n á kọ́kọ́ sá igi kí orí àti ara lè hàn, àlétúnlé á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, fínfín ló máa ń kẹ́yìn. Ká ní ojú ìyá àgbà kan tó kọ àbàjà la fẹ́ gbẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ Grab la ó fi fa agbárí àti àgbọ̀n síbi tó yẹ. Bí polygon bá ti fẹ̀ jù níbi tí a fà, a ó tẹ Ctrl+R kí Blender tún gbogbo rẹ̀ tò dọ́gba. Búrọ́ọ̀ṣì Clay Strips la ó fi gbé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè, búrọ́ọ̀ṣì Smooth á dán an, ìgbà yẹn la tó máa fi búrọ́ọ̀ṣì Crease fín àbàjà. Ẹni tó bá kọ ilà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jókòó dáadáa, ilà náà á wọ́ nígbà tó bá ń tún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe, bó bá sì tún tẹ Ctrl+R, ó lè pa rẹ́ pátápátá.

Nígbà tí ère bá dára lójú tán, iṣẹ́ ṣì kù. Polygon tó lé ní mílíọ̀nù méjì wúwo jù fún gémù orí fóònù. A ó wá ṣe awọ tuntun, tó fúyẹ́, lé e lórí, kí ìlà rẹ̀ yí ojú àti ẹnu po, kí ìyá náà lè ṣẹ́jú, kó sì lè sọ̀rọ̀. Retopology nìyẹn. A ó tú awọ náà sílẹ̀ pẹlẹbẹ, èyí tó ń jẹ́ UV. Lẹ́yìn náà la ó kó ìwúnjọ àti ilà ère àkọ́kọ́ sínú àwòrán aláwọ̀ aró kan tí wọ́n ń pè ní normal map, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sára awọ fúyẹ́fúyẹ́ náà bíi pé ilà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Apá yìí ń súni, ọ̀pọ̀ sì ń sá fún un. Ẹni tó bá fara dà á ló máa wúlò fáwọn tó ń ṣe gémù.

Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, tó ń tẹ ère jáde ní ohun tó ṣeé dì mú, yàtọ̀. Kò béèrè retopology, ṣùgbọ́n ihò kankan ò gbọ́dọ̀ wà lára ère, etí gèlè ò sì gbọ́dọ̀ tín-ín-rín bíi bébà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kán. Ká tó fi fáìlì STL, irú fáìlì tí ẹ̀rọ náà ń lò, ránṣẹ́, ká wo ìwọ̀n rẹ̀ ní mìlímítà.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fò. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn tó lè gbára lé iná ìjọba nìkan. Báńtìrì làpútọ́ọ̀pù tó dára tàbí sólà kékeré kan yẹ kó ṣáájú tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán olówó ńlá. Ká máa tẹ Ctrl+S ní gbogbo ìgbà kí iṣẹ́ lè wà ní ìpamọ́, kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ní ti ìlọsíwájú, ká mú ẹ̀ka kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀: gémù, fíìmù, tàbí ohun tí a ń tẹ̀ jáde. Ère mẹ́ta tó parí látòkèdélẹ̀ lórí ArtStation, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn, tí polygon rẹ̀ náà hàn nínú àwòrán, sàn ju ogún orí tí kò lọ́rùn lọ. Kí ọwọ́ má sì kúrò nínú amọ̀ gidi. Ẹni tó bá kọ́ Art and Design ní Poli Ìbàdàn ti ní ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ara èèyàn tí sọ́fítíwià kankan ò lè fún un.

Lórí owó, Fiverr, ìkànnì tí oníbàárà ti ń gbé iṣẹ́ fún èèyàn, ń yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún: iṣẹ́ 100 dọ́là, 80 ló máa dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ká tó dárúkọ iye, ká béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ère náà ṣe, irú fáìlì tí wọ́n fẹ́ gbà, àti iye ìgbà tí a ó tún un ṣe láìgba owó míì. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì gba ìdajì owó kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó hàn lójú kọ̀ǹpútà.