Fífi Visual Studio Code sórí Linux àti àtúnṣe ìṣòro rẹ̀

Visual Studio Code (VS Code) jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ kóòdù. Microsoft ló ṣe é. Oṣù kẹrin ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé, ẹ̀yà 1.0 sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Orí Electron ni wọ́n kọ́ ọ lé, ìyẹn ni pé Chromium (ìpìlẹ̀ aṣàwákiri Chrome) ló wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà káàdì àwòrán àti ti sandbox (àgọ́ ààbò tí ètò ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) ti ń wá. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lábẹ́ ìwé àṣẹ MIT, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ ni Microsoft fi ń pín èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Láti inú kóòdù gbangba yìí kan náà ni VSCodium ti wá. Open VSX, ibi ìpamọ́ àfikún tó wà ní gbangba, ni VSCodium ti ń mú àfikún (extension), nítorí náà àwọn àfikún Microsoft kan kò sí níbẹ̀.

Fífi sórí ẹ̀rọ

Àṣẹ `uname -m` ló ń sọ irú fáìlì tó yẹ kí a wà jáde. Bí ó bá dáhùn pé `x86_64`, x64 ni a ó mú. Bí ó bá jẹ́ `aarch64`, Arm64 ni.

Lórí Debian àti Ubuntu, fáìlì .deb ni a ń lò, apt (ètò tó ń fi ètò mìíràn sórí ẹ̀rọ) ni a ó sì fi ṣe é: `sudo apt install ./code_*.deb`. Àmì `./` tó ṣáájú orúkọ fáìlì ṣe pàtàkì, torí òun ló ń jẹ́ kí apt mọ̀ pé inú fódà tí a wà ni fáìlì náà wà. Ẹni tó bá lo `dpkg -i` dípò apt lè rí i pé ètò náà kò parí, nítorí dpkg kì í wá àwọn ohun tí ètò gbára lé. `sudo apt -f install` ni yóò parí rẹ̀.

Fáìlì .deb náà lè fi ibi ìpamọ́ ètò (repository) ti Microsoft kún ti apt, kí ẹ̀yà tuntun lè máa wọlé pẹ̀lú `apt upgrade`. Bí ẹnì kan bá ti fi ọwọ́ kọ ibi ìpamọ́ yìí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di méjì, `apt update` á sì figbe ta pé `Conflicting values set for option Signed-By`. Ohun tó fà á ni pé ojú ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àkọsílẹ̀ méjèèjì ní kí apt ti wá kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, èyí tó fi ń mọ̀ pé ti Microsoft ni fáìlì lóòótọ́. `grep -rl packages.microsoft.com /etc/apt/sources.list.d/` yóò tọ́ka sí àwọn fáìlì náà. A ó yọ ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ ti VS Code, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ ka inú wọn, torí ti Edge, aṣàwákiri Microsoft, náà lè wà lára ohun tí grep kó jáde.

Lórí Fedora, a ó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ wọlé pẹ̀lú `sudo rpm --import https://packages.microsoft.com/keys/microsoft.asc`, a ó kọ ibi ìpamọ́ sínú `/etc/yum.repos.d/vscode.repo`, lẹ́yìn náà `sudo dnf install code`. Ní Arch, èyí tó ń jẹ́ `code` kì í ṣe ti Microsoft gan-an, Code - OSS ni. `visual-studio-code-bin` tó wà ní AUR (ibi ìpamọ́ tí àwọn olùlò Arch ń tọ́jú) ni ti Microsoft.

Snap náà wà (`sudo snap install code --classic`), Flatpak sì wà; ọ̀nà méjì mìíràn tí a fi ń pín ètò lórí Linux ni wọ́n. Inú àgọ́ tí a tì pa ni ti Flatpak ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kì í rí gcc tàbí Python tó wà lórí ẹ̀rọ àyàfi tí a bá gba `flatpak-spawn --host` lọ. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí irú àwọn irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, .deb tàbí .rpm ni wàhálà rẹ̀ kéré jù.

Ìṣọ́ fáìlì àti inotify

VS Code máa ń ṣọ́ fódà iṣẹ́ kí ó lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí git tàbí ètò mìíràn bá yí fáìlì padà. Inotify, tó wà nínú kernel (ọkàn) Linux, ló ń bá a ṣe é. Inotify kì í ṣọ́ fódà pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ inú rẹ̀: fódà kọ̀ọ̀kan ló ń gba ìṣọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ní `node_modules` (fódà tí àwọn àkójọ kóòdù JavaScript ń wà) nínú lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fódà, kí ó sì jẹ gbogbo ìwọ̀n tí kernel fún olùlò náà tán. Olùlò ni wọ́n ka ìwọ̀n yìí fún, kì í ṣe ètò, nítorí náà gbogbo ohun tó ń ṣọ́ fáìlì lábẹ́ orúkọ olùlò kan náà ni wọ́n jọ ń pín in.

Bí ó bá tán, VS Code á kéde pé `unable to watch for file changes in this large workspace`. `ENOSPC` ni orúkọ àṣìṣe náà nínú kernel. Orúkọ yìí kan náà ni kernel ń lò bí dísíìkì bá kún, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pa fáìlì rẹ́ lásán nígbà tí `df -h` ń fi hàn pé àyè ṣì pọ̀. Ibi tó yẹ kí a wò ni:

`cat /proc/sys/fs/inotify/max_user_watches`

Kernel àtijọ́ sábà máa ń dáhùn 8192. Láti kernel 5.11, ìwọ̀n mẹ́mórì ló ń pinnu rẹ̀, kò sì ní ju 1048576 lọ. Láti fi kún un, a ó kọ `fs.inotify.max_user_watches=524288` sínú fáìlì bíi `/etc/sysctl.d/60-inotify.conf`, a ó sì tẹ `sudo sysctl --system`. `sysctl -p` lásán kò tó níhìn-ín, torí `/etc/sysctl.conf` nìkan ló ń kà.

Nǹkan bí 1080 báìtì ni ìṣọ́ kan ń gbà lórí ẹ̀rọ bíìtì 64. Bí gbogbo 524288 bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 540 MiB, ṣùgbọ́n èyí tí a bá lò nìkan ló ń gba àyè. Lórí ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ kéré, ó sàn kí a dín iṣẹ́ ìṣọ́ kù, nípa fífi `"**/node_modules/**": true` sábẹ́ `files.watcherExclude` nínú `settings.json`.

Ohun méjì mìíràn wà tó máa ń fara jọ èyí. Nínú container (àgọ́ tí a ti ń lo ètò lórí ẹ̀rọ mìíràn), ìwọ̀n ti ẹ̀rọ tó gbà á lálejò ló ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni a ó ti yí i padà. Lórí NFS (fódà tí a ń lò láti orí ẹ̀rọ mìíràn nípasẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti irú rẹ̀, inotify kò lè rí ohun tí ẹ̀rọ mìíràn yí padà, nítorí náà kò sí iye tí a lè kọ tí yóò tún un ṣe.

Fèrèsé òfìfo

Bí fèrèsé bá ṣí láìsí nǹkan nínú rẹ̀, `code --disable-gpu` ni ìdánwò àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́, káàdì àwòrán ni ẹjọ́ náà kàn: a ó tẹ Ctrl+Shift+P, a ó yan `Preferences: Configure Runtime Arguments`, a ó sì fi `"disable-hardware-acceleration": true` sínú `argv.json`. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ̀yà tuntun wọlé ni ó bẹ̀rẹ̀, pípa `~/.config/Code/GPUCache` rẹ́ sábà máa ń tó.

Ẹni tó lo tar.gz, fáìlì tí a kàn ń tú sílẹ̀ láìlo apt tàbí dnf, lè bá àṣìṣe `SUID sandbox helper` pàdé. `sudo chown root:root chrome-sandbox` àti `sudo chmod 4755 chrome-sandbox` ni àtúnṣe rẹ̀. `--no-sandbox` á ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò ni ó yọ kúrò.

Sudo, ọ̀rọ̀ aṣínà àti àfikún

Kò yẹ kí a fi sudo ṣí VS Code. Ó lè sọ fáìlì ìṣètò di ti root (alákòóso ẹ̀rọ), tí olùlò kò fi ní lè fi ìyípadà pamọ́ mọ́. `sudo chown -R $USER: ~/.config/Code ~/.vscode` ló ń dá wọn padà. Fún fáìlì tó wà nínú `/etc`, VS Code fúnra rẹ̀ á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà nígbà tí a bá fẹ́ fi í pamọ́.

Lórí ètò ìṣàkóso fèrèsé kékeré bíi i3, ó lè máa béèrè wíwọlé lákọ̀tun nítorí pé kò rí ibi ìpamọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà. Fífi gnome-keyring sórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú `"password-store": "gnome-libsecret"` nínú `argv.json`, máa ń yanjú rẹ̀.

Bí a bá fura sí àfikún, `code --disable-extensions` ni a ó fi dán an wò. `Help: Start Extension Bisect` á sì máa pa ìdajì ìdajì wọn títí yóò fi kan èyí tó jẹ̀bi. Yíyọ ètò náà kúrò kí a sì tún un fi kì í ran irú èyí lọ́wọ́, torí `sudo apt purge code` kì í fọwọ́ kan `~/.config/Code` àti `~/.vscode`, níbi tí ìṣètò àti àfikún wà.