Bí ìrẹsì àná ṣe ń di púdìn onímílíìkì

Ìrẹsì funfun tí wọ́n sè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kì í sábà tán nílé Òṣogbo. Ọbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tán, ìrẹsì á wá ṣẹ́ kù sídìí ìkòkò. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn la lè fi mílíìkì àti ṣúgà sè títí yóò fi ki, ká jẹ ẹ́ ní gbígbóná tàbí ní tútù. Àmọ́ kí púdìn tó dé orí iná rárá ló ti máa ń dára tàbí bàjẹ́: ibi tí ìrẹsì náà sùn ló ń pinnu rẹ̀.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Inú oko ló ti ń bá ìrẹsì bọ̀, omi híhó kì í sì í pa gbogbo rẹ̀. Bí ìrẹsì bá wà nínú ooru ilé mọ́jú, á máa pọ̀ sí i, á sì tu májèlé sínú rẹ̀. Májèlé ọ̀hún kò gbọ́ ti iná. Ká tún ìrẹsì náà sè fún wákàtí kan kò ní kó lọ. Ó lè má rùn, ó lè má yọ̀, síbẹ̀ kí ẹni tó jẹ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí mélòó kan. Nítorí náà, kí ó má ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn tí ìrẹsì jinná kó tó wọ fíríìjì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè kó lè tètè tutù. Bó bá wà lókìtì nínú kúlà, àárín rẹ̀ á ṣì máa móoru di òru. Láàárín wákàtí 24 ni kí ẹ lò ó. Bí wọ́n bá mú iná lọ, fíríìjì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí lè mú òtútù dúró fún nǹkan bíi wákàtí 4. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ààtàn ló kàn. Èyí tó sùn sínú ìkòkò lórí sítóòfù, ẹ má wulẹ̀ dá a rò.

Jọ̀lọ́ọ̀fù kò ṣe é fi ṣe púdìn, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n fi òróró àti àlùbọ́sà sè. Ọ̀fadà ní òórùn tirẹ̀ tí ṣúgà kò lè bò; ẹ fi í sílẹ̀ fún ayamáṣe.

Fún ẹni mẹ́rin: ìrẹsì ife 2, omi ìdajì ife, mílíìkì ife 3, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 3, àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀ tí a rin. Ife mílílítà 250 là ń wí. Bó bá jẹ́ mílíìkì ẹlẹ́bú, ṣíbí ìjẹun 12 tí a gé lórí ló ń lọ sí omi ife 3, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì ni, torí omi gbígbóná á mú un dì ní kókó. Mílíìkì olómi inú agolo ki ju ti màlúù lọ: ife kan àbọ̀ rẹ̀, omi ife kan àbọ̀.

Ìrẹsì tó sun fíríìjì máa ń le gbagidi, kì í sì í ṣe pé ó gbẹ nìkan. Sítáàṣì tó tú nígbà tó ń jinná ti padà dìmọ́ra nínú òtútù, ó sì ti fún omi jáde. Omi àti ooru ló lè tún un tú. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ fọ́ òkìtì rẹ̀, ẹ da ìdajì ife omi yẹn sí i, kí ẹ dé e lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 7, títí ẹ ó fi lè fi ìka méjì tẹ hóró kan kó fọ́ láìsí ohun líle láàárín. Ẹni tó bá kù gììrì da mílíìkì lé e ní tútù á rò ó títí: mílíìkì á jó nísàlẹ̀, hóró á ṣì le.

Lẹ́yìn náà ni mílíìkì kàn. Ọ̀pọ̀ ìrẹsì tó wà lọ́jà Ìgbọ̀nà ni wọ́n ti bọ̀ nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó bó o. Nílé, a tún máa ń bọ̀ ọ́, a ó sì da omi rẹ̀ nù. Sítáàṣì tó yẹ kó mú mílíìkì ki ti bá omi yẹn lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìrẹsì náà mọ́ ara ìkòkò, ìyẹn ni yóò fà á pọ̀. Iná kékeré, ìṣẹ́jú 20 sí 25, kí ṣíbí onígi máa ha ìdí ìkòkò léraléra. Bó bá ṣèèṣì jó, ẹ má ha á mọ́: ẹ rọra da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn.

Ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn ni ṣúgà ń wọlé. Bó bá yára wọlé, á máa bá ìrẹsì du omi, hóró kò ní rọ̀ dáadáa mọ́. Omi ọsàn kò gbọ́dọ̀ kan mílíìkì gbígbóná o. Á dì bíi wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi bomubómu ṣe. Èèpo ọsàn tí a rin nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

Ẹ fi ṣíbí fa ìlà sídìí ìkòkò. Bí ojú ìlà náà bá rọra padé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó ṣàn jù, torí bó bá ṣe ń tutù náà lá máa ki sí i. Ẹ má sè ju ohun tí ilé lè jẹ tán lọ́jọ́ náà. Ìrẹsì tó ti wọ iná lẹ́ẹ̀mejì kò yẹ kó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹni tí mílíìkì máa ń da inú rẹ̀ rú lè lo àgbọn: ẹ rin odidi kan, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife 3 fún un, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Kí iná rẹ̀ tún kéré sí i, torí bó bá hó jù, òróró rẹ̀ á yà, á sì léfòó sójú púdìn.