Kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí IVF

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń kó owó jọ fún IVF, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń da ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara kí obìnrin lè lóyún, láì kó ìmọ̀ jọ. Ó ń dùn mí, torí ohun tí ẹ bá ti mọ̀ ṣáájú ni yóò jẹ́ kí ẹ lè bi dókítà ní ìbéèrè tó yẹ. Àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù nìyí.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú kí ẹyin púpọ̀ gbó pọ̀ lára obìnrin, wọ́n á fà wọ́n jáde, wọ́n á sì da àtọ̀ pọ̀ mọ́ wọn ní láàbù. Èyí tó bá di ọlẹ̀ tó sì ń dàgbà dáadáa ni wọ́n á gbé sínú ilé ọmọ, lọ́jọ́ kẹta tàbí ọjọ́ karùn-ún. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà yìí bí ni Louise Brown, ní ìlú Oldham ní England, lóṣù Keje ọdún 1978. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pé, ẹ má gbà á gbọ́. Louise ti di abiyamọ, kò sì nílò IVF kó tó lóyún.

Ìgbà wo ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í múra?

Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta ṣáájú, tọkọtìyàwó ni o. Àtọ̀ máa ń lò tó oṣù méjì ààbọ̀ nínú ara kó tó gbó tán, nítorí náà, bí ọkùnrin bá jáwọ́ nínú sìgá lónìí, ó di nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí èrè rẹ̀ tó hàn. Ọtí àmujù náà ń ṣàkóbá. Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti àwọn ọkùnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ testosterone kí agbára wọn lè pọ̀ sí i. Wọ́n rò pé ó ń ran àwọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń dá ẹpọ̀n dúró kó má ṣe àtọ̀ mọ́, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró kí nǹkan tó padà sípò. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má tijú.

Kí obìnrin máa lo folic acid, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, torí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń lo oògùn wárápá lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ló máa sọ iye rẹ̀. Bí egbòogi kan bá wà tí ẹ ń lò, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un pẹ̀lú.

Wọ́n ní AMH mi kéré. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Rárá. AMH, ìyẹn èròjà kan tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin, ń sọ bí ẹyin tó kù ṣe pọ̀ tó àti bí ara ṣe máa gba abẹ́rẹ́ sí. Kò sọ bóyá ẹyin náà dára. Ọjọ́ orí ló ń sọ ìyẹn jù, torí ẹyin tó dára máa ń dín kù lẹ́yìn ọdún 35, ìdínkù náà sì máa ń yá kánkán lẹ́yìn 40. Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo àyẹ̀wò dá lórí obìnrin nìkan. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò wọ́n, kò sì dunni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń le koko mọ́ aago abẹ́rẹ́ ìkẹyìn?

Fún bí ọjọ́ 8 sí 14, ẹ ó máa gún abẹ́rẹ́ kékeré sí abẹ́ awọ ikùn lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa fi sìkáànì wo àpò tí ẹyin ń gbó sí. Bí àwọn àpò náà bá tóbi tó nǹkan bíi mìlímítà 18, abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kàn. Òun ló máa mú kí ẹyin gbó tán, nǹkan bíi wákàtí 36 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á sì fà á. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n ń retí yín. Bí ẹ bá pẹ́ gún un, ẹyin lè má tíì gbó. Bí ẹ bá tètè gún un jù, ó lè ti jáde kí wọ́n tó débẹ̀. Bí ẹ bá ṣi aago mú, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi pa mọ́.

Ẹyin 10 ni wọ́n fà, ọlẹ̀ méjì ló kù. Ta ló ṣàṣìṣe?

Kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe. Nínú ẹyin 10, ó lè jẹ́ bíi 8 ló gbó, kí 5 tàbí 6 gba àtọ̀, kí 2 tàbí 3 sì dé ọjọ́ karùn-ún. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kò sì sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tí kò jẹ tó fà á.

Ilé ìwòsàn kan ní ìdajì àwọn tó wá sọ́dọ̀ àwọn ló ń ṣàṣeyọrí. Ṣé ká gbà á gbọ́?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ìdajì nínú ta ni? Ká ní obìnrin 100 bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, 80 dé ibi tí wọ́n ti gbé ọlẹ̀ sínú wọn, 40 rí oyún nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, 30 gbé ọmọ lọ sílé. Ilé ìwòsàn lè ní ìdajì, kò sì purọ́, torí 40 jẹ́ ìdajì 80. Àmọ́ 30 nínú 100 lẹ ń wá. Ẹ béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí láàyè, láàárín àwọn tó bẹ̀rẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn sì sún mọ́ tiyín.

Àjọ HFEA tó ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí nílẹ̀ UK ní ìsọfúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti fi àwọ̀ sàmì sí àwọn àfikún ìtọ́jú tí wọ́n máa ń polówó, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ̀rí wà fún. Ẹ wò ó kí ẹ tó san owó àfikún kankan.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ sínú mi?

Rárá. Ìdùbúlẹ̀ kọ́ ló máa mú kí ọlẹ̀ dúró. Ẹ rìn, ẹ ṣiṣẹ́ yín, ẹ sì máa lo oògùn tí wọ́n fún yín.

Kí ló yẹ kó gbé wa lọ sílé ìwòsàn kíákíá?

Bí ikùn bá ń wú tó sì ń dunni gan-an, bí mímí bá ń nira, bí ìtọ̀ bá dín kù, tàbí tí ara ń wúwo sí i lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ti ru ibùdó ẹyin sókè jù. Ó lè ṣekú pani bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Kí ẹ tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n máa ń gbé lóru, kí ẹ sì dán an wò.