Àwọn igi wínníwínní inú àwòrán ilẹ̀ kì í ṣe igi tí ẹnikẹ́ni kà

Ẹni tó bá tẹjú mọ́ àwòrán ilẹ̀ Herefordshire tàbí Kent tí Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ Britain, tẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún máa rí ọgbà eléso lọ́tùn-ún lósì: igi wínníwínní, tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi: ìlà mẹ́fà, igi mẹ́jọ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní igi ápù méjìdínláàádọ́ta ló wà lóko yẹn nígbà náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó ka igi inú ọgbà. Ààlà ọgbà ni wọ́n wọ̀n, wọ́n wá fi igi kún inú rẹ̀ kí á lè mọ̀ pé ọgbà eléso ni.

Ààlè ni ká fi wé. Ẹni tó rí àkísà àti ìgbálẹ̀ tí wọ́n so kọ́ sẹ́nu oko kò ní máa ka ọwọ̀ inú ìgbálẹ̀ náà; ó ti mọ̀ pé oko olóko nìyí. Bí wọ́n sì fi ìkarahun ìgbín rọ́pò àkísà, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì igi yìí: ápù ni o, ṣẹ́rì ni o, kò yí padà.

Ohun tó ń jẹ́ kí àṣìṣe yìí ṣòro tú ni pé lórí àwòrán kan náà, igi tó dá dúró létí ààlà jẹ́ igi gidi. Àwọn awọnlẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n sí àyè rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n wọn wà ni ààlà. Ìwọ̀n 1:2500 ni wọ́n lò, tí ínṣì kan níbùú lóròó lórí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ éékà kan lórí ilẹ̀. Wọ́n fún pápá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n sì ṣírò iye éékà rẹ̀ dé ìdá ẹgbẹ̀rún, bíi 1.385. Igi ń kú, wọ́n ń gbin òmíràn. Ààlà kì í tètè yẹ̀. Ohun tó máa pẹ́ ni wọ́n náwó lé lórí, wọ́n sì ṣe é re.

Ṣáájú àwòrán Ordnance Survey yìí, ìdámẹ́wàá tí àgbẹ̀ ń san fún ṣọ́ọ̀ṣì ti mú kí àwọn awọnlẹ̀ mìíràn wọn oko. Òfin 1836 sọ ọ́ di owó, dípò irè oko. Ìwé kan bá àwòrán rìn: onílẹ̀, ẹni tó ń dáko, nọ́ńbà pápá, ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, "ọgbà eléso" nìkan ni wọ́n kọ, kódà bí àgùntàn bá ń jẹko lábẹ́ igi. Ilẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ méjì gba orúkọ kan, ìyẹn ò dáa tó.

Ní 2022, National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ohun àjogúnbá, fi kọ̀ǹpútà ka àwòrán ìgbà 1900, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ọgbà eléso ìbílẹ̀ England àti Wales ti lọ. Fífẹ̀ ilẹ̀ ni ìṣirò yẹn dúró lé, kì í ṣe iye igi, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé gbà gbọ́. Ní ti òde òní, fọ́tò láti òkè ń fi igi gidi hàn, àmọ́ kì í sọ bóyá eléso ni. Àwọn olùyọ̀ǹda ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó.