Obìnrin Aláwọ̀ Dúdú Tó Lọ Sógun Lókè Òkun: Ibo Ni Ká Ti Wá Ìtàn Rẹ̀?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé àmì ẹ̀yẹ wúrà kalẹ̀ fún bàtálíọ́nù 6888, ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin Amẹ́ríkà tó ṣètò lẹ́tà àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ìjọba fi kéde pé òun yóò yọ orúkọ ọ̀gá wọn, Charity Adams, kúrò lára ibùdó ológun kan ní Virginia. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi pọ̀.

Ṣé yíyọ orúkọ náà ti fagi lé àmì ẹ̀yẹ?

Rárá. Òfin ọdún 2022 ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe?

Obìnrin 855 ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dé Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejì ọdún 1945, wọ́n bá lẹ́tà àti ẹrù bíi mílíọ̀nù 17 tí kò tíì dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tó ni wọ́n. Orúkọ àwọn ọmọ ogun jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń jẹ́ Robert Smith nìkan fi tó 7,500, nítorí náà nọ́ńbà iṣẹ́ ológun ni wọ́n fi dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, iṣẹ́ kò dúró tọ̀sán tòru, wọ́n sì fi oṣù mẹ́ta parí iṣẹ́ tí a fún wọn ní oṣù mẹ́fà láti ṣe.

Kí ló dé tí ìwé wọn fi ṣòroó rí?

Iná tó jó ilé àkójọ ìwé ológun ní St. Louis ní oṣù keje ọdún 1973 run nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún 1912 sí 1960. Ìkànìyàn ọdún 1950 pẹ̀lú kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọkùnrin nìkan ni wọ́n bi bóyá ó ti ṣiṣẹ́ ológun rí. Ọ̀pọ̀ obìnrin sì ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn.

Ibo ló kù?

Ìlú tí obìnrin náà ti wá ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó padà sílé fi ẹ̀dà ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ wọn sí àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ wọn, ibi tí iná St. Louis kò dé. Àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú bíi Pittsburgh Courier àti Chicago Defender náà ròyìn wọn.

Ẹnì kan ní kí n sanwó kí àmì ẹ̀yẹ wúrà ìyá àgbà wa lè jáde. Ṣé kí n san án?

Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wúrà náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni ó sì wà fún.

Fọ́tò nìkan ni mo ní ńkọ́?

Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ẹ sì kọ orúkọ tó ń jẹ́ kó tó relé ọkọ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, nọ́ńbà obìnrin ológun ni ó jọ. Ti àwọn ọ̀gá máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú L. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ilé àkójọ ìwé ológun ní St. Louis, nítorí wọ́n lè fi ìwé owó oṣù àti àwọn ìwé mìíràn tún àkọsílẹ̀ tó jóná kó jọ.